Wọ́n Ní Àwọ̀ Ewé Ni Àdúgbò Wa Lórí Máàpù, Ṣé Kí Wọ́n Wá Gbẹ́ Sókawéè Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kànga Mi?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ sì kú òjò yìí. Nínú létà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ omi kànga ló gba iwájú, ó sì yé mi dáadáa, torí tí òjò bá ti ń rọ̀ báyìí omi máa ń gòkè nínú kànga, gbogbo ohun tí a ti rì mọ́lẹ̀ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà á wá máa wá ọ̀nà bá a. Mo ti yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ yìí ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí ó ká mi lára.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìsàlẹ̀ Afọ́n ni mò ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọkọ mi tó ti dolóògbé ló gbẹ́ kànga tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ó ti lé ní 20 ọdún, àwa àti ilé mẹ́rin mìíràn là ń pọn níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan wá ra ilẹ̀ tó kàn wá, ó ń kọ́lé, ó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tiwa lòun máa gbẹ́ sókawéè òun sí. Mo ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ẹnu kànga, mẹ́sàn-án péré ni. Nígbà tí mo bá a sọ ọ́, ó yọ fóònù, ó fi máàpù kan hàn mí, ó ní àwọn ọmọ yunifásítì ló yà á, ó ní kí n wò ó, àwọ̀ ewé ni àdúgbò wa, àwọ̀ ewé ló sì túmọ̀ sí pé omi abẹ́ ilẹ̀ wa ò lè bàjẹ́. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? — Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá tó gbẹ́ kànga yẹn sí afẹ́fẹ́ rere. Etí yín ò tàn yín jẹ. Máàpù bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, iṣẹ́ gidi ni, wàhálà ńlá ló sì wà nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí máàpù yẹn dáhùn kọ́ ni ìbéèrè tó wà láàrin ẹ̀yin àti ọmọ yẹn.

Ẹ̀yin náà á ti sẹ́ ògì rí. Tí asẹ́ bá nípọn, tójú ẹ̀ sì há, èérí á dúró sókè, ògì á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tí asẹ́ bá ti já níbì kan, ẹ ò ní mọ̀gbà tí èérí máa bá ògì jọ wọ inú igbá. Bí ilẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Omi tí ẹ ń pọn nínú kànga, omi òjò ni, ó rọ̀ sórí ilẹ̀, ó wọ inú iyẹ̀pẹ̀, ó gba inú ilẹ̀ pupa kọjá, ó gba inú amọ̀, kó tó dé ibi tó dúró sí. Bó ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀ ni ilẹ̀ ń bá a fọ ara ẹ̀, amọ̀ á di ìdọ̀tí mú, àwọn kòkòrò àrùn tí ojú ò lè rí á kú sọ́nà torí ìrìn náà pẹ́. Ibi tó bá jẹ́ pé omi jìn, tí amọ̀ nípọn lórí ẹ̀, asẹ́ tó dáa ló wà níbẹ̀. Ibi tí omi bá sún mọ́ òkè, tó jẹ́ yanrìn tàbí òkúta tó ti sán, asẹ́ ibẹ̀ ti já.

Ohun tí máàpù yẹn ń gbìyànjú láti yà ni asẹ́ yẹn. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean Margat, ló mú ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1968, ohun tó ń bi ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni pé, tí ìdọ̀tí bá bọ́ sílẹ̀ níbí, báwo ló ṣe máa rọrùn fún un tó láti dé inú omi? Kò sọ pé ìdọ̀tí wà níbẹ̀, kò sì sọ pé kò sí. Ibi tí wọ́n kùn ní pupa, ìyẹn ibi tí asẹ́ ti já, lè ní omi tó mọ́ tónítóní tí kò bá sí ẹni tó da nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀, ibi àwọ̀ ewé náà sì lè ní kànga tó ti bàjẹ́ pátápátá tó bá jẹ́ pé ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà láàrin òun àti sókawéè. Kò sí àwọ̀ kankan lórí máàpù yẹn tó túmọ̀ sí pé omi ò lè bàjẹ́, gbogbo ilẹ̀ ló ń gba ìdọ̀tí wọlé, ti òmíràn kàn yá ju ti òmíràn ni.

Ohun tó wá ká mi lára jù nìyí. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà ya irú máàpù bẹ́ẹ̀, DRASTIC ni wọ́n ń pè é, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1987, àwọn tó sì ṣe é kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé kí ẹnikẹ́ni má fi dá ẹjọ́ ilẹ̀ tí kò bá tó 100 éékà. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Pulọ́ọ̀tì 60 sí 120 tí à ń tà láàrin ara wa, ó máa ju 600 lọ kó tó kún 100 éékà, ìyẹn tí a ò bá tíì yọ ojú ọ̀nà. Àdúgbò tó ní ilé 600 ni máàpù yẹn ń fi àwọ̀ kan ṣoṣo kùn! Báwo ló ṣe máa mọ ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ìbejì?

Wọ́n tún kọ nǹkan mìíràn sílẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í kà. Wọ́n ní ìṣirò àwọn gbà pé orí ilẹ̀ ni ìdọ̀tí wà, tí òjò wá ń fọ̀ ọ́ wọ ìsàlẹ̀. Ìyá wa, ṣé orí ilẹ̀ ni sókawéè máa ń wà? Wọ́n á gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ìdí ẹ̀ ni omi ìgbọ̀nsẹ̀ á ti máa jò jáde, àṣé gbogbo ilẹ̀ pupa àti amọ̀ tí máàpù kà sí asẹ́ tó dáa, sókawéè ti lu u kọjá. Tí omi kànga yín bá gòkè lásìkò òjò dé ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ló kù láàrin ìdọ̀tí àti omi. Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín lónìí: ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ máa fi gbọ́ tó kan omi, ẹ di okùn mú níbi tó bá ẹnu ilẹ̀ dọ́gba, ẹ fà á jáde kí ẹ sì fi tépù télọ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ máa nílò ẹ̀.

Ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ náà ní ìwà tiẹ̀, orí àpáta ayébáyé la wà, kì í ṣe ilẹ̀ yanrìn jíjìn bíi ti Èkó. Iyẹ̀pẹ̀ àti amọ̀ ló wà lókè, lábẹ́ ẹ̀ ni àpáta tó ti jẹrà tó rí wúrúwúrú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kànga tí a fọwọ́ gbẹ́ ti ń rí omi, lábẹ́ ìyẹn ni àpáta gidi tó sán káàkiri. Àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Àpáta tí kò sán kì í gba ìdọ̀tí, kì í sì í gba omi, ojú ibi tó sán yẹn gan-an lomi ń gbà, ibẹ̀ náà ni ìdọ̀tí ń gbà, ìrìn tí ìbá gba ọ̀pọ̀ oṣù nínú amọ̀, ó lè má ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó bá bọ́ sójú sísán.

Mo fẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn ka èyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, nílùú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Walkerton ní Kánádà, òjò ńlá rọ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún. Kànga ìlú kan wà níbẹ̀ tí kò jìn, láàrin mítà márùn-ún sí mẹ́jọ lomi ti ń wọ inú ẹ̀, orí àpáta tó sán ni, iyẹ̀pẹ̀ tó bò ó ò nípọn. Oko màlúù wà nítòsí, òjò fọ ìgbẹ́ màlúù wọ inú ilẹ̀, ó dé inú kànga, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò omi ò sì tó. Ìlú tí kò ju bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn lọ, ó lé ní 2,300 tó ṣàìsàn, èèyàn méje kú. Àgbẹ̀ tó ni oko ò sì ṣẹ̀ sófin o, bí wọ́n ṣe ní kó tọ́jú ìgbẹ́ màlúù ló tọ́jú ẹ̀. Àpáta tó sán, kànga tí kò jìn, òjò tó pọ̀, ẹ sọ fún mi èwo ni kò sí lọ́dọ̀ wa níbẹ̀.

Kí lẹ máa wá ṣe? Ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó gbé sókawéè lọ sí òdìkejì ilẹ̀ ẹ̀, pàápàá tí òdìkejì yẹn bá dà gẹ̀rẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín, torí omi abẹ́ ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa sábà máa ń tẹ̀lé bí ilẹ̀ ṣe dà. Mítà 30 ni ìlànà táwọn tó ń ṣètò omi fáwọn tí ogun tàbí omíyalé lé kúrò nílé ń tẹ̀lé káàkiri àgbáyé láàrin ṣalángá àti orísun omi, kí ìdí ṣalángá sì fi mítà kan àbọ̀ ga ju ojú omi lọ. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án yín yẹn, bí mítà méje ni. Tí kò bá gbọ́, ẹ mú baálẹ̀ àdúgbò dání, kí ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀, iṣẹ́ wọn ni, kí ẹ lọ kó tó da kọnkéré o, torí ẹni tó bá ti náwó tán kì í fẹ́ gbọ́ àlàyé mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ wo kànga tiyín: ṣé ẹnu ẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ, ṣé ó ní ìdérí, ṣé wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ àyíká ẹ̀ kí omi tó dànù má bàa padà sínú ẹ̀, ṣé garawa kan ni gbogbo yín fi ń pọn ún àbí olúkúlùkù ń mú tiẹ̀ wá láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bí omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe lè tètè bàjẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣejáde mi, olùkọ́ mi sì ní kí n má mú ìlú kan, kí n mú agbègbè ńlá. Ohun tí kò yé mi ni bí èèyàn ṣe lè mọ abẹ́ ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà tí kò gbẹ́ gbogbo ẹ̀. Ṣé kì í ṣe àbá lásán ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, àbá wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àbá lásán. Ìpínlẹ̀ tó lé ní 28,000 kìlómítà níbùú lóòró, kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ gbogbo ẹ̀, nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lo ohun tí a lè rí láti mọ ohun tí a ò lè rí.

Lẹ́tà méje tó wà nínú DRASTIC, nǹkan méje ni wọ́n dúró fún: bí omi ṣe jìn sí, iye omi òjò tó ń wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ́dún, irú àpáta tàbí ilẹ̀ tí omi dúró sínú ẹ̀, irú iyẹ̀pẹ̀ òkè, bí ilẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó, irú ilẹ̀ tó wà láàrin òkè àti ojú omi, àti bí omi ṣe ń yára rìn nínú àpáta náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á fún ní máàkì láti 1 dé 10, wọ́n á wá sọ máàkì yẹn di púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí nǹkan náà ṣe wúwo sí. Bí omi ṣe jìn sí àti ilẹ̀ tó wà lórí ẹ̀, ìlọ́po márùn-ún, omi òjò tó ń wọlé, mẹ́rin, àpáta àti ìyára omi, mẹ́ta mẹ́ta, iyẹ̀pẹ̀ òkè, méjì, ìdàgẹ̀rẹ́ ilẹ̀, ẹyọ kan péré. Tí o bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, àròpọ̀ tó kéré jù ni 23, tó pọ̀ jù ni 230, bó bá ṣe ga sí ni omi ibẹ̀ ṣe lè tètè bàjẹ́ sí.

Jẹ́ kí n fi kànga kan ṣàpẹẹrẹ. Ká ní lóṣù kẹsàn-án tí òjò ti fi ilẹ̀ rin, omi ẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Láti 5 dé 15, máàkì 9 ni, ìlọ́po márùn-ún ẹ̀ ni 45. Padà lọ síbẹ̀ lóṣù kẹta ká tó rí òjò àkọ́rọ̀, omi yẹn lè ti lọ sílẹ̀ dé 28. Láti 15 dé 30, máàkì 7, ìyẹn 35. Kànga kan náà, ọdún kan náà, máàkì mẹ́wàá ti sọnù! Tí o bá wọ̀n kànga Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò òjò, kí o wá lọ wọ̀n ti Ṣakí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí o sì pa wọ́n pọ̀ sórí máàpù kan, ohun tó máa hàn lórí máàpù ẹ kì í ṣe ilẹ̀ mọ́, ọjọ́ tí o rìnrìn-àjò ni. Mo bẹ̀ ẹ́, fi ọjọ́ sí gbogbo ohun tí o bá wọ̀n, kí o sì wọ̀n gbogbo wọn láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra wọn, lásìkò òjò tó bá ṣeé ṣe, torí ìgbà yẹn ni ewu pọ̀ jù.

Àwọn nǹkan yòókù, o lè rí púpọ̀ nínú wọn láìgbẹ́ ilẹ̀. Ìdàgẹ̀rẹ́ ilẹ̀, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tó lọ sójú sánmà ní oṣù kejì ọdún 2000 ti wọn gíga ilẹ̀ tó pọ̀ jù láyé, tiwa wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Máàpù àpáta wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àpáta. Àkọsílẹ̀ òjò wà. Ti irú ilẹ̀ tó wà lókè omi ló le, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gún irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, wọ́n á rán iná gba inú méjì, wọ́n á fi méjì tó kù wo bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná náà tó. Amọ̀ tó tutù máa ń jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́, àpáta tí kò sán á dènà ẹ̀ gan-an. O ti máa rí àwọn tó ń wá ojú omi kí wọ́n tó gbẹ́ bóòhóòlù tí wọ́n ń fa wáyà káàkiri, iṣẹ́ náà nìyẹn. Tọ̀ wọ́n lọ, àkọsílẹ̀ wọn ti wà nílẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ọ̀pọ̀ ò sì rí ẹni bi wọ́n léèrè.

Ọ̀kan wà tí o gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Irú àpáta tiwa yìí, tó ti jẹrà, bíi máàkì 4 ni DRASTIC sábà máa ń fún un, òkúta ẹfun tí omi ti jẹ ihò sí lára lè gba 10. Nítorí ẹ̀ ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe lè jáde ní àwọ̀ ewé púpọ̀, tí àwọn bíi ọmọkùnrin tó ń bá Ìyá Ìbejì fà á á wá gbé e kiri. Máàkì kékeré yẹn ò mọ ojú ibi tí àpáta ti sán. Tí o bá lè fi ìlà sísán àpáta kún iṣẹ́ ẹ, fi kún un. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí Stephen Foster gbé jáde ní 1987 kan náà, GOD ni wọ́n ń pè é, nǹkan mẹ́ta péré ló ń bèèrè: ṣé ohun tó bo omi náà mọ́lẹ̀ wà, irú ilẹ̀ tó wà lókè ẹ̀, àti bó ṣe jìn sí. Fún ibi tí àkọsílẹ̀ ò pọ̀ bíi tiwa, mo rò pé kí o fi ìyẹn náà ṣe é, kí o wo bóyá méjèèjì fẹnu kò.

Máà jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ láìdán an wò o. Bu omi nínú kànga lágbègbè pupa, bu níbi àwọ̀ ewé, kí wọ́n yẹ nitrate inú ẹ̀ wò, ìyẹn ohun tó ń ti inú ìgbọ̀nsẹ̀ àti ajílẹ̀ wọ omi. Tí nitrate bá pọ̀ níbi tí o ní omi ò lè tètè bàjẹ́, bóyá ìṣirò ẹ ló kùnà, bóyá ṣalángá ló pọ̀ níbẹ̀. Lọ síbẹ̀ fúnra ẹ lọ wò ó.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra pulọ́ọ̀tì kan, 50 sí 100, lójú ọ̀nà Àwé ní Ọ̀yọ́. Mo fẹ́ gbẹ́ bóòhóòlù torí wọ́n ní bó bá ti jìn kò séwu. Ibo ni kí n gbé sókawéè sí? Sàréè bàbá wa náà máa wà nínú ọgbà. — Bàbá Onílé, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú oríire ilẹ̀ tuntun, ẹ ṣe é tí ẹ bèèrè kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà, bí mítà 15 sí 30 nìyẹn, tí ẹ bá gbé bóòhóòlù sí igun iwájú, tí ẹ gbé sókawéè sí igun ẹ̀yìn lódìkejì, ẹ máa ráyè bíi mítà 30, ó há díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Wàhálà ibẹ̀ ni pé aládùúgbò náà ní sókawéè. Tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá gbé tiẹ̀ sí iwájú, ó lè jẹ́ mítà mẹ́rin sí bóòhóòlù yín, gbogbo ìṣirò yín ti wọmi. Ohun tí mo máa rọ̀ yín sí ni kí gbogbo onílé òpópónà yẹn jókòó kí ilé tó kún, kí ẹ fẹnu kò pé iwájú ni gbogbo omi, ẹ̀yìn ni gbogbo sókawéè, àwọn tí ẹ jọ kọ ẹ̀yìn síra náà ṣe bẹ́ẹ̀, sókawéè á dojú kọ sókawéè, omi á sì jìnnà sí gbogbo wọn. Ìpàdé kan ṣoṣo ló máa gbà. Mo ti rí àdúgbò tí wọn ò ṣe é, títí dòní omi nínú ọ̀rá ni wọ́n ń rà mu pẹ̀lú kànga nílé.

Ọ̀rọ̀ pé bó bá ti jìn kò séwu, ìdajì òótọ́ ni. Bóòhóòlù lè jìn dé ẹsẹ̀ bàtà 200, àmọ́ tí wọn ò bá fi sìmẹ́ńtì dí àyè tó wà láàrin páìpù àti ilẹ̀ lápá òkè, omi ẹlẹ́gbin á kàn máa bá ara páìpù sọ̀ kalẹ̀ tààrà ni, kò ní gba inú asẹ́ kankan kọjá. Ẹ dúró ti àwọn agbẹ́bóòhóòlù lọ́jọ́ náà, kí ẹ fojú ara yín rí i pé wọ́n po sìmẹ́ńtì wọn sì dà á sí àyè yẹn, torí ẹni tó ń kánjú lọ síbòmíràn lè fi ilẹ̀ tí wọ́n kó jáde dí i. Ní Jámánì, wọ́n máa ń fa ilà yí kànga ìjọba ká dé ibi tí omi máa fi ọjọ́ 50 rìn kó tó dé kànga, torí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn kì í lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀, wọ́n sì máa ń ká àwọn èèyàn lọ́wọ́ kò nínú ilà yẹn gan-an. A ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ lórí pulọ́ọ̀tì kan, ìdí nìyẹn tí sìmẹ́ńtì yẹn fi ṣe kókó.

Ti sàréè, mo mọ̀ pé àṣà wa ni, mi ò ní bá yín jiyàn lórí bàbá yín. Ẹ kà á mọ́ ohun tó yẹ kó jìnnà sí omi bíi sókawéè, apá ibi tí ilẹ̀ dà lọ sí ni kí ẹ gbé e sí, kó má wà lókè omi.

ÌBÉÈRÈ: Iléeṣẹ́ gàárì kékeré ni tiwa, ní Ìkòyí-Ilé. A gbẹ́ kòtò ńlá kan tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn sí. Ṣé ó lè dé inú kànga? — Onígàárì

ÌDÁHÙN: Ó lè dé ibẹ̀ o. Omi ẹ̀gẹ́ máa ń kan, ó sì ní oró, oró yẹn máa ń fò lọ tí oòrùn àti atẹ́gùn bá lù ú, ṣùgbọ́n nínú kòtò jíjìn kò ráyè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ẹ jẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ nínú àyè tí kò jìn tí ẹ fi sìmẹ́ńtì tẹ́, níbi tí oòrùn ti máa rí i, kó sì jìnnà sí kànga àti sí odò. Kòtò tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ fi amọ̀ dí i, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Omi kànga wa mọ́ gaara, kò rùn, a sì máa ń sè é kí n tó fi po mílíìkì ọmọ mi tó jẹ́ oṣù méjì. Ìyẹn ti tó, àbí? — Ìyá Ọmọ Tuntun, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá mi. Sísè yẹn dáa, ẹ má dá a dúró, ó ń pa kòkòrò. Ohun tí kì í pa ni nitrate, ohun tó ń ti inú ìgbọ̀nsẹ̀, ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ wá, kò ní àwọ̀, kò rùn, tí ẹ bá sì ń se omi títí tó fi ń fà, ṣe ló ń ki sí i nínú èyí tó kù. Ní 1945 dókítà kan ní Iowa ní Amẹ́ríkà, Hunter Comly, ló ṣàlàyé ẹ̀ fáyé, àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fi omi kànga po mílíìkì fún, ara wọn ń dà bí aró torí ẹ̀jẹ̀ wọn ò lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Ìlànà omi mímu ní Nàìjíríà àti ti àjọ ìlera àgbáyé ni pé nitrate kò gbọ́dọ̀ ju 50 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì tìtorí ẹ̀ fi í sí bẹ́ẹ̀.

Èmi náà gbẹ́kẹ̀ lé omi tó mọ́ gaara rí. Kànga ilé tí mo dàgbà sí, lẹ́yìn tí ilé epo kan dé ìtòsí wa, omi ẹ̀ ṣì ń mọ́ gaara bíi ti tẹ́lẹ̀ fún bí ọdún méjì, àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìyá mi fa garawa jáde tó rí àwọ̀ òṣùmàrè tó ń yí lójú omi, tó gbóòórùn epo. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa.

Tí ọmú bá wà, ẹ fún ọmọ lọ́mú, kò sí omi tó dà bíi ẹ̀. Tó bá jẹ́ mílíìkì ló ń mu, ẹ wá omi mìíràn tí wọ́n ti yẹ̀ wò po ó títí ẹ ó fi mọ ti kànga yín. Ẹ bu omi kànga sínú ọ̀rá tàbí ìgò tó mọ́, ẹ fi omi náà ṣan ìgò yẹn nígbà mẹ́ta kí ẹ tó bù ú kún, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò, kí ẹ ní nitrate ni ẹ fẹ́ mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wo kòkòrò náà, ìgò tiwọn ni kí ẹ gbà, ẹ má ṣan ìyẹn o, kí omi náà dé ọ̀dọ̀ wọn láàrin wákàtí mẹ́fà, nínú kúlà tó ní yìnyín.